Ta Ni Ń Gbé Àárín Ìràwọ̀ Nútírọ́ọ̀nù?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́-jáde ilé-ẹ̀kọ́ wa sọ nínú ìwé ìrántí ọdún yìí kì í ṣe ìwàásù. Olóòtú ti fi ẹ̀rín kìlọ̀ fún wa pé ìwàásù tí àwọn àlùfáà ti kọ ránṣẹ́ ti tó, ó sì ní kí a kọ nípa ohun kan tí àwọn ọmọ tí ń kọ́ sáyẹ́ǹsì lónìí ń kà, tí kò sí nínú ìwé tiwa nígbà tí àwa wà ní kíláàsì. A mú ọ̀rọ̀ ìràwọ̀. Irú ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni a mú, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù, a kò sì ní pẹ́ lórí ìta rẹ̀ rárá. Àárín rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà, ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè dé láéláé, ṣùgbọ́n tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jiyàn lé lórí fún ohun tí ó ju 60 ọdún lọ.

Ìbéèrè náà kò gùn: ta ni ń gbé ibẹ̀? Àwọn kan wí pé nútírọ́ọ̀nù ni ó kún ibẹ̀ bámúbámú, gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìràwọ̀ náà ti wí. Àwọn mìíràn wí pé ìṣirò tí ó ṣòro láti já ní koro fi hàn pé àwọn èérún àjèjì kan, tí kì í pẹ́ kú bí a bá bí wọn ní ayé tiwa níhìn-ín, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí wọ́n sì máa gbé ibẹ̀ láìkú. Ìṣirò náà gún régé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé díẹ̀ nínú àwọn ìràwọ̀ náà lé orí ìwọ̀n, ohun tí ìwọ̀n sọ kò bá ti ìṣirò mu. Wàhálà yìí ni a fẹ́ ṣàlàyé, a ó sì gbìyànjú láti ṣe é láìkó ìṣirò dí ẹnikẹ́ni lójú.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Gbogbo ohun tí a lè fọwọ́ kàn, òkúta, omi, igi, ara ènìyàn, átọ́ọ̀mù ni a fi kọ́ ọ. Ní àárín átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ni kókó kékeré kan wà, tí pírótọ́ọ̀nù àti nútírọ́ọ̀nù wà nínú rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sì wà ní ìta, wọ́n jìnnà sí kókó náà gidigidi. Bí a bá sọ átọ́ọ̀mù kan di títóbi bí pápá bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ wa, kókó rẹ̀ kò ní ju hóró ọkà bàbà kan lọ ní àárín pápá. Gbogbo ìyókù jẹ́ òfìfo. Ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa tí a fi òkúta kọ́, òfìfo ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù ni ohun tí ó kù nígbà tí a bá fún òfìfo yẹn jáde, bí àwọn ìyá wa ti í ko òkúta ńláńlá lé àpò ẹ̀gẹ́ rírin kí omi inú rẹ̀ lè ro jáde tán kí ó tó di gàárì. Òòfà ni òkúta tí a kó lé ti ìràwọ̀. Ìràwọ̀ ńlá kan, tí ìwọ̀n rẹ̀ tó ti oòrùn wa ní ìlọ́po 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò jó fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Iná inú rẹ̀ ń tì í síta, òòfà tirẹ̀ ń fà á wọlé, níwọ̀n ìgbà tí àwọn méjèèjì bá sì dọ́gba, ìràwọ̀ náà dúró. Nígbà tí ohun ìdáná bá tán, tí àárín rẹ̀ sì ti di irin, kò sí ohun tí yóò tì í síta mọ́. Àárín náà yóò wó sínú ara rẹ̀ kí ìṣẹ́jú-àáyá kan tó pé, apá òde rẹ̀ yóò sì bú gbàmù lọ sínú òfuurufú. Nínú ìwólulẹ̀ yìí ni a ti ń ti àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wọ inú pírótọ́ọ̀nù, tí àwọn méjèèjì fi ń di nútírọ́ọ̀nù.

Ní ọdún 1054, àwọn awòràwọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà rí irú ìbúgbàmù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìràwọ̀ àlejò kan yọ, tí ó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rí i ní ọ̀sán gangan fún ọjọ́ 23. Èéfín àti ìdọ̀tí ìbúgbàmù náà ṣì wà lójú ọ̀run títí di òní, ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù kan sì wà ní àárín rẹ̀ tí ó ń yí ní nǹkan bí ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ìwọ̀n irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ju ti oòrùn lọ díẹ̀, oòrùn fúnra rẹ̀ sì wúwo ju ayé wa yìí lọ ní ìlọ́po 333,000. Síbẹ̀, láti ojú ìràwọ̀ náà dé àárín rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà 12 tàbí 13 lọ. Ẹni tí ó bá ti wa ọkọ̀ kọjá lórí afárá Third Mainland ní Èkó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ti rin ìrìn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe láti bu ìwọ̀n kóró ṣúgà kan péré láti inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, yóò ju 200 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ. A mọ̀ pé irú nọ́ńbà báyìí kì í pẹ́ sú etí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé kò sí àyè mọ́: kókó átọ́ọ̀mù ti fara kan kókó átọ́ọ̀mù títí ààlà fi parẹ́, gbogbo rẹ̀ sì ti di ọ̀kan.

Àwọn ènìyàn ti ro ìràwọ̀ yìí kí wọ́n tó rí i. James Chadwick ṣàwárí nútírọ́ọ̀nù ní Cambridge ní 1932. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, Walter Baade àti Fritz Zwicky ti tẹ̀ ẹ́ jáde pé ìràwọ̀ tí ó bú gbàmù lè fi irú ìràwọ̀ kékeré tí ó kì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Fún ohun tí ó ju 30 ọdún lọ lẹ́yìn èyí, orí ìwé nìkan ni ọ̀rọ̀ náà wà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ ọdún 24, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jocelyn Bell, láti Àríwá Ireland, ni ó kọ́kọ́ rí i ní ti gidi.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ẹ dákun, ẹ fi etí sí èyí. Ọmọbìnrin yìí fìdí rẹmi nínú ìdánwò tí wọ́n fi ń ya àwọn ọmọ ọdún 11 sọ́tọ̀ ní ilẹ̀ wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, ti Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀rẹ́ tí a mọ̀ sí Quaker, ní York ni ó lọ lẹ́yìn náà, ibẹ̀ sì ni ìfẹ́ físíìsì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ ìjọ náà ni títí di òní. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí ó ń yẹ ìwé gígùn tí ẹ̀rọ rédíò wọn ní Cambridge ń tẹ̀ wò, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100 lójúmọ́, ó rí àmì kékeré kan tí kò jọ ìyókù. Ẹlòmíràn ì bá fò ó kọjá. Ó tọpa rẹ̀ títí ó fi hàn gbangba pé ìró kan ń wá láti ojú ọ̀run, ẹ̀ẹ̀kan ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 1.3, láìyẹ̀ rárá. Ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù tí ń yí ni. Ní 1974, ọ̀gá rẹ̀, Antony Hewish, ni ó gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ náà pẹ̀lú Martin Ryle. A kò pe Bell sí i. Ní 2018, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn mìíràn tí owó rẹ̀ tó 3 mílíọ̀nù dọ́là, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti fi rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì tí ọ̀nà kò là fún lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. A gbọ́ pé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́-jáde wa ń wá owó fún yàrá sáyẹ́ǹsì tuntun. A kò sọ pé a ń bá ẹnikẹ́ni wí.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sí àárín ìràwọ̀ náà. Kí ni kò jẹ́ kí òòfà fún un pa pátápátá? Òfin kan ni, tí Wolfgang Pauli gbé kalẹ̀ ní 1925, ẹni tí ó bá sì ti gbé bọ́dìn rí kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ rántí yàrá ibùsùn wa àtijọ́ àti àwọn ibùsùn onípele tí a ń pè ní bọ́ńkì. Ẹ wá fi ojú inú wo bọ́ńkì kan tí ìpele rẹ̀ kò lópin sókè. Lórí ìpele kọ̀ọ̀kan, nútírọ́ọ̀nù méjì péré ni òfin gbà: ọ̀kan kọ orí sí ìlà-oòrùn, èkejì kọ orí sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹni kẹta kò ní àyè níbẹ̀, àfi kí ó gun òkè. Àwọn tí ó kọ́kọ́ dé yóò gba ìsàlẹ̀, àwọn tí ó dé kẹ́yìn yóò sì máa gòkè, òkè gígùn sì ń gba agbára. Bí ẹnìkan bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ti ògiri yàrá náà wọlé kí àyè lè kéré sí i, àwọn ìpele náà yóò máa jìnnà sí ara wọn sí i, agbára tí a fi ń gùn ún yóò sì máa pọ̀ sí i. Àwọn tí ó wà lókè kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Wọn yóò máa ti ògiri náà padà síta. Ìtìpadà yìí kò nílò iná, kò nílò ooru. Bí ìràwọ̀ náà tilẹ̀ tutù pátápátá, yóò ṣì wà.

Ní 1939, Robert Oppenheimer àti George Volkoff ṣe ìṣirò ohun tí òfin bọ́ńkì yìí nìkan lè gbé. Wọ́n rí i pé kò lè gbé ju ìdá 7 nínú 10 ìwọ̀n oòrùn lọ. Bí ìràwọ̀ bá wúwo jù bẹ́ẹ̀, yóò wó. Ṣùgbọ́n àwọn ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù tí a wá rí lẹ́yìn náà wúwo ju èyí lọ dáadáa; ọ̀kan tí a ṣàwárí ní 1974 tó ìlọ́po 1.44 ti oòrùn. Ó hàn gbangba nígbà náà pé ohun mìíràn tún ń bá òfin náà gbé ẹrù. Ohun náà ni ìwà nútírọ́ọ̀nù fúnra wọn: bí wọ́n bá wà ní ìwọ̀n ìjìnnà díẹ̀ wọ́n ń fa ara wọn mọ́ra, ṣùgbọ́n bí a bá tì wọ́n súnmọ́ ara wọn jù, wọn a kọ̀ fún ara wọn pẹ̀lú agbára ńlá. Nítorí náà, ìwọ̀n ẹrù tí ìràwọ̀ kan lè gbé dúró lórí irú àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ àti bí wọ́n ti ń bá ara wọn gbé.

Ibí yìí ni àwọn àjèjì ti wọlé. Láti 1947 ni àwọn tí ń wo èérún tí ń já bọ́ láti ojú ọ̀run ti ń rí àwọn èérún kan tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ní 1950, àwọn onímọ̀ ní Melbourne ní Ọsirélíà dá ọ̀kan mọ̀ nínú wọn, èyí tí a wá ń pè ní lámúdà. Òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni à ń pè ní háípírọ́ọ̀nù. Wọ́n pè wọ́n ní àjèjì nítorí ohun kan tí ó lè pa ẹ ní ẹ̀rín: ẹ̀mí wọ́n gùn jù! Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù 4, ìpín kan ni lámúdà sábà máa ń lò láyé kí ó tó fọ́ sí pírótọ́ọ̀nù tàbí nútírọ́ọ̀nù pẹ̀lú èérún kékeré mìíràn. Lójú wa, ìyẹn kò tó ìṣẹ́jú. Lójú àwọn onímọ̀, ó yẹ kí ó ti kú tipẹ́tipẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀.

Ní 1964 ni ìdí rẹ̀ tó yé wọn, nígbà tí Murray Gell-Mann àti George Zweig, láìmọ̀ sí ara wọn, dábàá pé àwọn èérún tí ó kéré sí i, tí a ń pè ní kúákì, ni ó wà nínú gbogbo wọn. Kúákì mẹ́ta ni ó wà nínú nútírọ́ọ̀nù, mẹ́ta náà ni ó wà nínú lámúdà. Ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó yàtọ̀, kúákì àjèjì, òun ni ó sì mú kí lámúdà wúwo ju nútírọ́ọ̀nù lọ. Nínú òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ físíìsì ń lò, nútírọ́ọ̀nù jẹ́ 940, lámúdà jẹ́ 1,116. Ẹ fi ìyàtọ̀ 176 yẹn sọ́kàn.

Ní 1960, kí ọ̀rọ̀ kúákì tó jáde rárá, Viktor Ambartsumian àti Gurgen Saakyan, tí wọ́n jẹ́ ará Armenia, ti bèèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí bọ́ńkì àwọn nútírọ́ọ̀nù bá ga jù. Ẹ jẹ́ kí a tún padà sí bọ́dìn. Ká sọ pé ilé kejì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, tí a ń pè ní Ilé Lámúdà, tí gbogbo bọ́ńkì inú rẹ̀ ṣófo láti ìsàlẹ̀. Owó ìwọlé rẹ̀ jẹ́ 176. Níwọ̀n ìgbà tí agbára tí ẹni tí ó wà lókè pátápátá ń ná láti gun bọ́ńkì tirẹ̀ kò bá tó 176, kò sí ẹni tí yóò ronú àtikó lọ. Ṣùgbọ́n bí òòfà ti ń ti ògiri wọlé, ìgbà kan ń bọ̀ tí òkè náà yóò wọ́n ju owó ìwọlé lọ. Ní ọjọ́ yẹn, nútírọ́ọ̀nù tí ó wà lókè yóò pààrọ̀ aṣọ, yóò di lámúdà, yóò sì lọ sùn sí ìpele ìsàlẹ̀ ní ilé kejì. Ọ̀pọ̀ ìṣirò sọ pé èyí yóò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àárín ìràwọ̀ bá ti kì ju kókó átọ́ọ̀mù lọ ní ìlọ́po 2 sí 3, àárín ìràwọ̀ tí ó wúwo sì kì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó bá fi ọkàn bá wa lọ yóò bèèrè pé, ṣé lámúdà kò ní kú níbẹ̀ bí ó ti ń kú níhìn-ín ni? Kò ní kú, ìdí rẹ̀ sì ni ohun tí ó wù wá jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí lámúdà tó lè kú, ó gbọ́dọ̀ tún padà di nútírọ́ọ̀nù tàbí pírótọ́ọ̀nù, nútírọ́ọ̀nù náà yóò sì nílò ibùsùn. Gbogbo ìpele tí agbára rẹ̀ lè gbé e dé ni ó ti kún. Òfin Pauli kò gbà kí ó dùbúlẹ̀ lórí ẹlòmíràn, nítorí náà kò lè kú. Ohun tí ó jẹ́ àjèjì tí kì í pẹ́ kú lọ́dọ̀ tiwa ti di onílùú lọ́hùn-ún.

Títí di ìhín, ọ̀rọ̀ náà tọ́, kò sì sí ibi tí a ti lè fi ìka tọ́ àṣìṣe nínú rẹ̀. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó di ìṣòro. Àwọn tí wọ́n wà lórí òkè bọ́ńkì ni ó ń ti ògiri padà jù lọ. Bí wọ́n bá ti sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé kejì, ògiri kò ní rí ẹni tì í padà bí ti tẹ́lẹ̀. Ìràwọ̀ náà yóò rọ̀. Òòfà yóò rí àyè fún un pọ̀ sí i, ìwọ̀n tí ó lè gbé kí ó tó wó di ihò dúdú yóò sì dínkù. Nígbà tí wọ́n fi ohun tí a mọ̀ nípa ìbágbé lámúdà àti nútírọ́ọ̀nù sínú ìṣirò, ọ̀pọ̀ nínú àbájáde rẹ̀ kò lè gbé ìràwọ̀ tí ó tó ìlọ́po 1.7 ti oòrùn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí kò da ẹnikẹ́ni láàmú, nítorí pé àwọn ìràwọ̀ tí a wọ̀n dáadáa nígbà náà kò jìnnà sí 1.4.

Ọdún 2010 ni nǹkan yí padà. Paul Demorest àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń lo ẹ̀rọ rédíò ńlá tí ó wà ní Green Bank ní West Virginia, Amẹ́ríkà, wọn ìràwọ̀ kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ PSR J1614-2230. Bí a ti í wọn ìràwọ̀ dùn mọ́ wa nínú tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè má sọ ọ́. Ìràwọ̀ náà ń yí ju ìgbà 300 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ń dún bí aago tí kì í yẹ̀, òun àti ìràwọ̀ kejì tí ó ti jó tán sì ń yí ara wọn ká. Ní gbogbo ìgbà tí ìràwọ̀ kejì bá bọ́ sí àárín òun àti àwa, ìró tí ń bọ̀ yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, òòfà rẹ̀ yóò sì dá a dúró díẹ̀, ìdádúró tí kò ju ìdá péréte nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá lọ́nà mélòó kan lọ. Láti inú ìdádúró yìí ni a ti ń mọ ìwúwo ìràwọ̀ kejì, láti inú bí wọ́n sì ti ń yí ara wọn ká ni a ti ń mọ ti àkọ́kọ́. Wọ́n rí i pé ó súnmọ́ ìlọ́po 2 ti oòrùn gan-an. Ní 2013, wọ́n tún rí òmíràn, PSR J0348+0432, tí wọ́n ní ó jẹ́ 2.01 nígbà náà. Ẹ̀kẹta, PSR J0740+6620, dé lẹ́yìn náà. Wọ́n ní ó jẹ́ nǹkan bí 2.08.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ìṣirò sọ pé àwọn àjèjì gbọ́dọ̀ wọlé. Ìṣirò kan náà sọ pé bí wọ́n bá wọlé, ìràwọ̀ tí ó tó 2 kò lè dúró. Ìràwọ̀ tí ó tó 2 sì wà níbẹ̀, ó ń yí, ó ń dún.

Níhìn-ín, a ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wa nínú iṣẹ́ àlùfáà. Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ irú ìwàásù kan, tí oníwàásù yóò fi ayọ̀ kéde pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti dé ibi tí wọn kò mọ̀, nítorí náà Ọlọ́run ni. Kò tọ́ lójú wa. Ọlọ́run tí a bá fi pamọ́ sínú àìmọ̀ wa, àfi kí ilé rẹ̀ máa kéré sí i bí ìmọ̀ ti ń pọ̀. Bí wọ́n bá sì tú kókó yìí ní ọ̀la, níbo ni oníwàásù náà yóò gbé e sí? A tún ní ọ̀rọ̀ fún àwọn olùkọ́ pẹ̀lú. Bí a bá ń kọ́ ọmọ ní kìkì ohun tí ó ti yanjú, tí a fi kókó tí a kò tíì tú pamọ́ fún un, yóò rò pé iṣẹ́ ti tán, yóò sì wá iṣẹ́ mìíràn lọ. A mọ ju ọmọ kan lọ tí orí rẹ̀ pé nínú físíìsì, tí àwọn òbí rẹ̀ sì yí i lọ́kàn padà nítorí wọ́n rò pé kò sí ohun tí ó kù níbẹ̀ láti ṣe. Ohun tí ó kù níbẹ̀ pọ̀.

Àwọn tí ń wá ojútùú pín sí ọ̀nà púpọ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń wò ó pé bóyá a kò tíì mọ bí lámúdà ti ń bá nútírọ́ọ̀nù gbé dáadáa. Ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ wá láti inú kókó átọ́ọ̀mù tí lámúdà kan ti wọ̀. Marian Danysz àti Jerzy Pniewski ni wọ́n kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ ní Warsaw, ní ilẹ̀ Pólándì, ní 1952. Nínú irú kókó bẹ́ẹ̀, ara tu lámúdà. Ṣùgbọ́n inú kókó átọ́ọ̀mù kò kì tó inú ìràwọ̀. Ó lè jẹ́ pé nígbà tí lámúdà kan bá wà láàárín nútírọ́ọ̀nù méjì tí gbogbo wọn sì há mọ́ ara wọn, ìwà rẹ̀ yí padà, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n síta. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, owó ìwọlé Ilé Lámúdà ju 176 lọ dáadáa nínú ìràwọ̀, àwọn àjèjì yóò sì pẹ́ kí wọ́n tó wọlé, tàbí kí wọ́n má wọlé rárá. Ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ìbátan lámúdà kan tí a ń pè ní sígímà. Àwọn kan ti retí pé òun ni yóò ṣáájú gbogbo wọn wọlé. Nígbà tí a dán an wò, a rí i pé kókó átọ́ọ̀mù ń tì í síta ni.

Àwọn mìíràn sọ pé àárín ìràwọ̀ ti kọjá ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ nútírọ́ọ̀nù àti lámúdà. Ògiri àárín àwọn yàrá ti wó, wọ́n ní, gbogbo kúákì ti di ìjọ kan nínú gbọ̀ngàn kan. Irú ohun bẹ́ẹ̀ lè le ju bí a ti rò lọ, kí ó sì gbé 2 dáadáa. A kò kórìíra àlàyé yìí, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti tún àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ tò títí yóò fi bá ohun tí a rí mu, ìyẹn ni kò jẹ́ kí a tíì gbára lé e.

Kí a má bàa jókòó sórí ìṣirò nìkan, ẹ̀rọ kan wà tí a ń pè ní NICER, tí wọ́n so mọ́ ibùdó òfuurufú àwọn orílẹ̀-èdè ní 2017. Ó ń ka ìtànṣán tí ń wá láti ibi tí ó gbóná lójú ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù, láti inú rẹ̀ ni a sì ti ń mọ bí ìràwọ̀ náà ti tóbi tó. Nígbà tí ó wo J0740+6620, èyí tí ó tó 2.08 yẹn, ó rí i pé títóbi rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìràwọ̀ tí ó jẹ́ 1.4. Bí inú rẹ̀ bá rọ̀, ó yẹ kí ó ti sún kì. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2017 pẹ̀lú, àwọn ẹ̀rọ LIGO àti Virgo gbọ́ ìgbà tí ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù méjì forí sọ ara wọn, ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń rin 130 mílíọ̀nù ọdún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí wọ́n ti ń súnmọ́ ara wọn, bí ara wọn ti ń fà nínà tó ni a fi mọ bí wọ́n ti rọ̀ tó, wọn kò sì rọ̀ púpọ̀. Nínú irú ìforígbárí bẹ́ẹ̀ ni a gbà pé ọ̀pọ̀ wúrà ti ń wá. Òrùka tí àwa àlùfáà ń súre sí lọ́jọ́ ìgbéyàwó lè ti gba ibẹ̀ kọjá.

Lórí ilẹ̀ ayé níhìn-ín, iṣẹ́ náà ń lọ ní CERN lẹ́bàá Geneva, níbi tí wọ́n ti ń wo bí lámúdà àti pírótọ́ọ̀nù tí a jọ bí nínú ìkọlù kan náà ti ń fa ara wọn tàbí tì ara wọn, àti ní ibùdó J-PARC ní Japan, tí wọ́n ti ń fi háípírọ́ọ̀nù sínú kókó átọ́ọ̀mù. Lójú ọ̀run, àwọn awòràwọ̀ ń wá èyí tí ó wúwo jù lọ. Ní 2022, àwọn tí ń lo awò Keck ní Hawaii kéde ọ̀kan, PSR J0952-0607, tí ń yí ju ìgbà 700 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Wọ́n ní ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2.35, ṣùgbọ́n ó lè fi 0.17 lé tàbí kí ó fi 0.17 dín, nítorí pé wọ́n ní láti kọ́kọ́ fojú wọn bí ooru rẹ̀ ti ń jó ojú ìràwọ̀ kejì tó. Bí ó bá jẹ́ pé apá ìsàlẹ̀ ni ó bọ́ sí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àwọn yòókù dọ́gba. Bí ó bá dúró ní 2.35, ọ̀pọ̀ ìṣirò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀nà tí yóò fi gba àwọn àjèjì láàyè tí yóò sì tún gbé 2 yóò tún padà sórí tábìlì.